Ẹ Béèrè Ọdún Tí Wọ́n Ṣe É: Lẹ́ǹsì Tòkunbọ̀ àti Ẹṣin Ojúde Ọba

  

Ọ̀dọ̀ èmi alára ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2024, mo wà ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú Nikon D3200 mi àti lẹ́ǹsì gígùn kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ìkẹjà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. 80-200mm f/2.8 ni, tòkunbọ̀, ó wúwo bí ọmọ odó. Oṣù márùn-ún ni mo fi kó owó rẹ̀ jọ. Àwọn ẹlẹ́ṣin jáde, ìbọn ń dún, èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo tẹ bọ́tìnì. Lẹ́ǹsì ò mira. Kò dún, kò yí. Gbogbo nǹkan tí mo ń rí ń ṣe bàìbàì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yí i, àmọ́ kí n tó rí ojú ẹṣin kan kedere, ẹṣin ọ̀hún ti kọjá lọ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn míì ya Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tòun ti tatúù ọwọ́ rẹ̀ àti awò ojú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwòrán náà ti dé gbogbo ayé. Ìjìnnà tí mo wà sí ibẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹni tó tà á fún mi lù mí ní jìbìtì ni. Mo padà lọ bá a. Ó gba lẹ́ǹsì náà, ó fi í sí ẹnu kámẹ́rà míì tó wà lórí káńtà rẹ̀, D7100. Lẹ́ǹsì tó kú sí mi lọ́wọ́ bá fò bí àṣá. Ó ní, "Àbúrò, lẹ́ǹsì ò ṣe nǹkan kan. Ṣé o bi mí bóyá ó máa bá kámẹ́rà tìẹ ṣiṣẹ́?" Mi ò bi í. Ohun tí mo bi í ni pé ṣé ó mọ́, ṣé kò ní ìlà lójú. Mi ò béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é, ìgbà yẹn ló sì kó mi sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìn wá. Ẹṣin ló kọ́kọ́ fojú kámẹ́rà rí màbo. Ní oṣù kẹfà ọdún 1878, ní Palo Alto ní California, Eadweard Muybridge to kámẹ́rà 12 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ọ̀nà kọjá, kí ẹṣin tó ń sáré lè máa já a, kí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan sì ya tirẹ̀. Leland Stanford, olówó kan báyìí, ló náwó sí i. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin máa ń kúrò nílẹ̀ pa pọ̀ tó bá ń sáré. Ó máa ń kúrò.

Nígbà tí eré ìje mọ́tò dé, ọ̀rọ̀ wá le sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Jacques-Henri Lartigue, tí kò tíì pé ogún ọdún, ya mọ́tò eré ìje kan ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó ń yí kámẹ́rà tẹ̀ lé mọ́tò náà, àmọ́ shutter rẹ̀ ò yára tó. Táyà mọ́tò náà wá rí bí ẹyin tó dagun sí iwájú, àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà sì dagun sí ẹ̀yìn. Lónìí, àwòrán tó dà bíi pé ó bàjẹ́ yìí wà lára àwọn tó lókìkí jù nínú ìtàn eré mọ́tò. Ẹ rántí yíyí kámẹ́rà tẹ̀ lé nǹkan yẹn, a máa padà sí i.

Ọdún 1959 ni súùmù àkọ́kọ́ fún kámẹ́rà fíìmù 35mm jáde, Voigtländer Zoomar, 36-82mm. Kò gùn rárá. Ọdún yẹn kan náà ni Nikon gbé Nikon F jáde, kámẹ́rà tí ẹnu rẹ̀, ìyẹn ibi tí lẹ́ǹsì ń wọ̀, ń jẹ́ F mount. Àwọn oníròyìn gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ń ya eré ìdárayá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń yí lẹ́ǹsì kí nǹkan tó ń sáré bọ̀ má ṣe bàìbàì. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni.

Lọ́dún 1985, Minolta gbé 7000 jáde. Kámẹ́rà yìí ní mọ́tò nínú, ó ń yí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀. Ohun tí a ń pè ní autofocus nìyẹn. Ìpayà bá àwọn yòókù. Nikon ronú pé àwọn tó ti ra lẹ́ǹsì àwọn láti 1959 pọ̀ jù láti já kulẹ̀, wọ́n bá fi ẹnu àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n fi mọ́tò sínú kámẹ́rà, wọ́n sì fi irin kékeré kan tó dà bí ẹnu síkúrúdíráfà síbẹ̀ kó máa yí lẹ́ǹsì. Canon ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1987, wọ́n gbé EOS 650 jáde pẹ̀lú ẹnu tuntun pátápátá, EF, wọ́n sì fi mọ́tò sínú lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo lẹ́ǹsì FD tí àwọn oníbàárà wọn ti rà láti 1971 ò wọ ẹnu tuntun yìí mọ́. Inú bí àwọn èèyàn gan-an, wọn ò sì jẹ̀bi.

Nínú àwọn méjèèjì, Nikon ló ṣàánú oníbàárà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ìkà tí Canon ṣe lọ́dún náà ló ń ṣe àwa tá à ń ra tòkunbọ̀ lóore lónìí. Lẹ́ǹsì EF tó jáde ní 1990, tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, máa ṣe autofocus lórí EOS oní-EF èyíkéyìí, títí kan èyí tó kéré jù tí akẹ́kọ̀ọ́ OOU ń gbé káàkiri Àgọ́-Ìwòyè. Nikon kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2006, wọ́n ṣe D40, wọ́n sì yọ mọ́tò àti irin yẹn kúrò kí kámẹ́rà lè fúyẹ́, kó sì má wọ́n. Gbogbo ìdílé D3000 àti D5000 tẹ̀ lé e, D3200 tèmi sì wà lára wọn. Lẹ́ǹsì tí mo rà ń dúró de irin tí kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, orúkọ ara lẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ kà. Nikon tí wọ́n kọ AF tàbí AF-D sí lára ń fẹ́ kámẹ́rà tó ní mọ́tò, bíi D90, D7000 tàbí D7100. AF-S, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, ní mọ́tò tirẹ̀. AF-P tún dé ní 2016, òun náà ní mọ́tò, síbẹ̀ kò ní ṣe autofocus lórí D3200. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ti Canon, ẹ wo ẹ̀yìn àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́, ẹ máa rí lẹ́tà bíi UT. U ni ilé-iṣẹ́ wọn ní Utsunomiya ní Japan, T ni ọdún 2005. A jẹ́ 1986, ẹ ka ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tà á lè pè é ní "tuntun gan-an", lẹ́tà yẹn ò mọ irọ́ pa.

Àwọn kan á ní kí n ra èyí tó ní ohun tó ń dá gbígbọ̀n dúró, tí Canon ń pè ní IS, tí Nikon ń pè ní VR. Canon ló kọ́kọ́ fi sí lẹ́ǹsì kámẹ́rà irú èyí ní 1995, lórí 75-300mm. Ó wọ 70-200mm f/2.8 wọn ní 2001, ti Nikon tẹ̀ lé e ní 2003. Ó wúlò, àmọ́ ọwọ́ yín ló ń dá dúró, kì í dá ẹṣin dúró. Ẹṣin tàbí mọ́tò tó ń sáré ń fẹ́ shutter tó yára, bíi 1/1000. Tówó bá kéré, owó IS ni mo máa kọ́kọ́ yọ kúrò. Mi ò ní yọ autofocus láéláé.

Ìdí tí àwọn lẹ́ǹsì yìí tilẹ̀ fi ń ya wọ ọjà wa ni pé ní 2018, Nikon gbé Z 6 àti Z 7 jáde, Canon gbé EOS R jáde, ìyẹn àwọn mirrorless tí ẹnu wọn tún yàtọ̀. Àwọn òyìnbó ń tú àpótí wọn. Ohun tí wọ́n ń tú dànù lé e ń bọ̀ ní Ìkẹjà.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ onítòkunbọ̀, ẹ gbé kámẹ́rà tiyín dání. Ẹ tan iná fóònù, ẹ tàn án gba ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀ láti iwájú. Eruku díẹ̀ ò pa ẹnì kankan. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, fungus nìyẹn, bí búrẹ́dì ṣe ń bu ni dígí náà ṣe ń bu. Ẹ dá a padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ogun Waterside, níbi tí ọ̀sà ti ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù, ẹ má fi lẹ́ǹsì sínú báàgì tó padé látòní dọ́la. Ẹ wá ike tó ní ìdérí tó ṣe dáadáa àti àwọn sílíkà tó ń wà nínú páálí bàtà.

Mo ta 80-200mm náà fún ẹnì kan tó ní D7100, mo sì ra AF-S 70-300mm f/4.5-5.6 VR, irú èyí tó jáde ní 2006. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà ní f/5.6 jẹ́ ìdá mẹ́rin ti f/2.8, àtàtà kọ́ tí òjò bá ṣú. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni Ojúde Ọba, ISO 800 sì ń gbà mí là. Ẹ̀gbẹ́ títì ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti fi í kọ́ṣẹ́: mo yí shutter sí 1/60, mo ń yí ara tẹ̀ lé ọ̀kadà láti ọ̀tún sí òsì bíi ti Lartigue. Nínú àwòrán 40, mẹ́ta ló dáa. Àwọn ọlọ́kadà rò pé mo ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, àwọn míì tilẹ̀ ń yí padà.

Àwọn ará Ìjẹ̀bú ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí ló dá Ojúde Ọba sílẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ìdílé àwọn Balógun ń gun ẹṣin, irú bí ìdílé Kúkú, ẹ̀sẹ̀ wọn sì ń tinú ogun wá. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2025, mo padà síbẹ̀. Ọmọdé kan lórí ẹṣin funfun yọ nínú èéfín, lẹ́ǹsì náà dún fìì, ó di ojú rẹ̀ mú. Mo ya mọ́kànlá. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, wàjà. Mo padà ṣí fáìlì yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀.