Òdòdó Olóòórùn Dídùn tí Ó Ti Sicily Dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún 1699, mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Francesco Cupani fi irúgbìn òdòdó kan ránṣẹ́ láti erékùṣù Sicily sí Robert Uvedale, olùkọ́ kan tí ó ní ọgbà ní Enfield, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Òdòdó náà kéré, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ju pupa dúdú àti àlùkò lọ, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ a máa gba gbogbo ilé. Àwọn onímọ̀ ewéko pè é ní Lathyrus odoratus. 'Olóòórùn' ni odoratus ní èdè Látìn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é ní sweet pea.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí. Ìdílé ẹ̀wà ni òdòdó náà ti wá, inú èèpo gígùn sì ni hóró rẹ̀ ń wà. Ní èdè tiwa, 'dùn' kan náà ni à ń lò fún ohun tí ahọ́n tọ́ wò, ohun tí imú gbọ́ àti ohun tí etí gbọ́. Ẹni tí ó bá wá túmọ̀ orúkọ náà sí 'ẹ̀wà dídùn' ti fa ewu, nítorí pé májèlé wà nínú hóró rẹ̀. Imú nìkan ni ó dùn mọ́.

Ọdún kan ṣoṣo ni òdòdó yìí ń lò láyé, nítorí náà ọwọ́ ẹni tí ó pa irúgbìn mọ́ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Kí ó tó là rárá ni lẹ́búlẹ́bú akọ ti bọ́ sára abo nínú òdòdó kan náà. Ẹni tí ó bá gbin irúgbìn èṣí yóò sì rí òdòdó èṣí. Bí Painted Lady, aláwọ̀ osùn òun funfun, ṣe ti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn.

Henry Eckford, ọmọ Scotland tí ó fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ ní Wem, ní Shropshire, ní ọdún 1888, sọ òdòdó náà di ńlá, ó sì fi oríṣiríṣi àwọ̀ kún un láìpa òórùn rẹ̀ run. Ní àfihàn ọdún 1900 tí wọ́n fi ṣàjọ̀dún igba ọdún òdòdó náà, nínú irú 264 tí wọ́n pàtẹ, tirẹ̀ jẹ́ 115. Ní ọdún 1901 ni Silas Cole, olùtọ́jú ọgbà ní Althorp, gbé Countess Spencer jáde: ó tóbi, etí rẹ̀ sì rí wẹ́liwẹ̀li bí etí aṣọ. Ojú gbogbo ènìyàn yí sí i. Ní ọdún 1911, ìwé ìròyìn Daily Mail fi 1,000 pọ́n-ùn lélẹ̀ fún ẹni tí ìdì sweet pea rẹ̀ bá ta yọ. Ojú ni a fi ń ṣèdájọ́ irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn irú tuntun tí ó tẹ̀lé e kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn mọ́. Lójú tèmi, àdánù ńlá ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ olóòórùn, irú ti Cupani tàbí Painted Lady ni kí ó wá. Ooru ilẹ̀ wa kò bá a lára mu, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gbìn ín sínú ìkòkò ní oṣù kẹwàá, tàbí nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kí wọ́n rẹ hóró náà sómi di ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì ri igi tí yóò gùn. Bí a bá ń já òdòdó rẹ̀ lójoojúmọ́, yóò máa tanná sí i. Bí a bá jẹ́ kí ó so, yóò dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ọ̀kan tí òórùn rẹ̀ dùn jù ni kí a fi sílẹ̀ láìjá, títí èèpo rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí a sì tètè ká a kí ó tó bẹ́, kí ó fọ́n hóró rẹ̀ dà sílẹ̀.