Ta Ni Yóò Rẹ́ Ògiri? Ìtàn Àtúnṣe Ilé Amọ̀ ní Ìbàdàn Àtijọ́

Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, ìròyìn kan wà tí kì í ṣàjèjì létí ẹni tó bá mọ Bẹẹrẹ, Ọjà'ba tàbí Bẹ́yẹrúnkà: ògiri ilé kan ti wó lóru. Nígbà mìíràn, ó máa ń wó lu àwọn tó sùn sí yàrá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àlàyé ti wà nílẹ̀: "Ilé amọ̀ ni, ó ti gbó." Oníkálùkù á mi orí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Àlàyé yẹn kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ní 1853, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì CMS, dé sí Ìbàdàn. Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun sọ ìlú náà di ibùdó ogun, nítorí náà ìlú ọ̀hún kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Amọ̀ ni tọkọtaya yìí fi mọ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì wọn ní Kúdẹtì, ilé náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Bí amọ̀ bá lè gbé ilé kan dúró fún ọdún tó lé ní àádọ́jọ, kí ló dé tí ilé tí kò tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí ń wó lu àwọn tó ń gbé inú rẹ̀? Èrò wa ni pé kì í ṣe amọ̀ ló kọ́kọ́ wó. Ètò tó ń tọ́jú amọ̀ ló ti wó ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ

Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ a máa fi ìtàn pamọ́. Kí "kọ́lékọ́lé" tó gba ẹnu wa, "mọ" ni àwọn àgbà ń lò. À ń mọ ìkòkò, à ń mọ ògiri, à ń mọ ilé. Òwe sọ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ kó yé wa pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ilé, a sì lè tún ọwọ́ fi kàn án.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "rẹ́". Bí ògiri bá gbẹ tán, wọ́n á rẹ́ ẹ kí ojú rẹ̀ lè dán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à ń mọ ògiri, ṣùgbọ́n rírẹ́ kì í tán. Òjò ọdún yìí á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni a ó dá a padà.

Ẹ̀kẹta ni "bíríkìlà", ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀mọlé wà lóòótọ́ kí bíríkìlà tó dé, ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí a gbà síṣẹ́ ni bíríkìlà. Bó bá gba owó rẹ̀ tán, ó di ilé onílé mìíràn. Kò sí nínú àdéhùn pé kó padà wá wo ògiri ní ọdún tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò ilé mímọ. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ pupa nítòsí ibi tí ilé máa wà, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣù ú, tí wọ́n á fi mọ ìpele kìíní, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ tàbí méjì. Ìpele yìí gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú nídìí iṣẹ́ yìí, ògiri rẹ̀ á wọ́.

Òrùlé ni agboòrùn ògiri. Koríko ni wọ́n fi ń bò ó, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí etí rẹ̀ gùn kọjá ògiri dáadáa kí òjò má bàa ta sí i. Koríko kì í pẹ́ títí. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe òrùlé fi wọ inú kàlẹ́ńdà ìlú. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni ọdún tí wọ́n ń kó koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi tún ààfin bò. Samuel Johnson, ẹni tó lo ìgbà èwe rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Hinderer ní Kúdẹtì, kọ nípa ọdún yìí nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó: títún ilé ṣe di àjọ̀dún, àìmú koríko wá sì lè di ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀.

Nínú agboolé, iṣẹ́ náà pín. Àwọn ọkùnrin ni ń wo òrùlé àti ògiri tó là. Wọ́n á gbọn erùpẹ̀ tó ti yọ̀ kúrò, wọ́n á fi omi rin ojú ibẹ̀, wọ́n á sì fi amọ̀ tútù tó jẹ́ irú kan náà tẹ̀ ẹ́ dí. Àwọn obìnrin a máa fi ẹlẹ́bọ́tọ tí wọ́n pò mọ́ omi pa ilẹ̀ àti ìdí ògiri. Koríko wẹ́wẹ́ inú ẹlẹ́bọ́tọ ló ń di amọ̀ mú tí kì í fi í sán.

Ẹ̀rí wà nínú ìtàn ìlú pé àìtọ́jú ló ń pa amọ̀. Ògiri amọ̀ ńlá kan yí Ìbàdàn ká rí, Odi Ìbíkúnlé, tí wọ́n fi orúkọ Balógun Ìbíkúnlé tó kú ní 1864 pè. Níwọ̀n ìgbà tí ogun wà, wọ́n ń tọ́jú odi. Nígbà tí àlàáfíà dé ní 1893, kò sí ìdí láti máa tún un mọ mọ́. Òjò ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ lọ.

Agodi àti ìsàlẹ̀ Màpó

Ọdún 1893 yẹn náà ni Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, tí Robert Bower sì di Rẹ́sídẹ́ǹtì àkọ́kọ́. Orí òkè Agodi, níbi tí kò há bí àárín ìlú, ni àwọn aláṣẹ òyìnbó fi ṣe ibùgbé àti ọ́fíìsì. Rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901, ó sì mú kí pánù àti símẹ́ńtì rọrùn láti kó dé láti Èkó. Nígbà tó di 1929, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó pẹ̀lú àwọn òpó ràgàjì rẹ̀ lórí òkè tó ń wo gbogbo agboolé Ọjà'ba.

Pánù ṣoore. Iná kò rí koríko jó mọ́, kò sì sí pé à ń tún òrùlé bò ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n nítorí owó, etí pánù kúrú ju ti koríko lọ. Omi tó ń ṣàn lára rẹ̀ a máa já sílẹ̀ lójú kan náà nídìí ògiri, a sì máa ta padà sára amọ̀. Ilé tó gba agboòrùn tuntun pàdánù èyí tó gbòòrò.

Ìyàtọ̀ Agodi sí Bẹẹrẹ ju símẹ́ńtì lọ. Ilé ìjọba ní owó àtúnṣe nínú ìṣirò ọdọọdún, ó sì ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kun ún, láti dí ibi tó ń jò, láti kó gọ́tà. Ọ̀wẹ̀ ni agboolé ní. Bí àwọn ọmọ agboolé ṣe ń lọ sí iléèwé, sí Èkó, sí ilẹ̀ òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wẹ̀ ń dínkù, kò sì sí ohun tó rọ́pò rẹ̀.

Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, omi Ògùnpa kún àkúnya, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì wó ilé rẹpẹtẹ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omíyalé mìíràn dé, ọgbà Agodi pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Ìjọba tún ọgbà náà ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Ta ló tún ògiri ìsàlẹ̀ Màpó ṣe?

Agbádá símẹ́ńtì

Ìdáhùn ọ̀pọ̀ ilé sí ìbéèrè yẹn ni símẹ́ńtì. Ní 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ símẹ́ńtì Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1960 ni ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá rí owó díẹ̀ á ní kí bíríkìlà wá fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀. Wọ́n á gún ihò sára ògiri tàbí kí wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn kí símẹ́ńtì lè rí ibi dì mú. Bí wọ́n bá kùn ún tán, ilé á dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Níbẹ̀ ni ewu wà. Amọ̀ a máa wú bó bá fa omi, a sì máa sún kì bó bá gbẹ. Símẹ́ńtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì kò lè jọ mí, símẹ́ńtì á là, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́ agbádá tó le. Aláǹgbá tí a ìbá rí bó ti ń wọ ibi tó là, a kò ní rí i mọ́, nítorí pé ojú ògiri ń dán. Ògiri amọ̀ tó ń wó a máa kìlọ̀. Èyí tí símẹ́ńtì bò kì í sábà kìlọ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kọ́ irú ọgbọ́n yìí nínú ìyà. Ẹfun òkúta sísun ni wọ́n fi de bíríkì ilé wọn àtijọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi símẹ́ńtì dí ojú ìdè náà, bíríkì fúnra rẹ̀ ló ń jẹrà. Ẹgbẹ́ tí William Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1877 láti dáàbò bo ilé àtijọ́ ṣì ń kìlọ̀ fún wọn títí di òní.

Ilé gbogbo wa

Ìṣòro tó kù ni ti ẹni tó ni ilé. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ojú oórì àwọn baba ńlá wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá a tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Òfin yìí ló pa ọ̀pọ̀ agboolé mọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ná owó rẹ̀ sórí ògiri tí gbogbo wọn jọ ni. Láyé àtijọ́, mọ́gàjí á pe ọ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Lónìí, mọ́gàjí lè pe ìpàdé, ìdajì ẹbí á sì dáhùn lórí WhatsApp.

Ní Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali, mọ́ṣáláṣí amọ̀ tí wọ́n mọ ní 1907 ṣì dúró gbọn-in nítorí pé gbogbo ìlú ló ń jáde lọ́dọọdún láti rẹ́ ẹ. Ní Ìbàdàn níbí, Demas Nwoko ti fi hàn ní ilé àṣà rẹ̀ ní Ọ̀rẹ́méjì pé ilẹ̀ pupa tí a pò mọ́ símẹ́ńtì díẹ̀ ṣe é kọ́ ilé tó pẹ́. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ kìnnìún wúrà ní Venice. Nítorí náà, ilẹ̀ pupa kì í ṣe ohun ìtìjú.

Owó tí ẹbí kan ń dá fún aṣọ ẹbí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè ra gọ́tà sí etí pánù, kó sì gba òṣìṣẹ́ tí yóò fi amọ̀ dí ibi tó là kí oṣù kẹta tó parí. Ògiri tó bá ti wọ́ tàbí tó ti fẹ̀yìn ń fẹ́ ojú onímọ̀ ilé, kí wọ́n sì kó ọmọdé kúrò nínú yàrá náà kí òjò tó dé. Kí ẹ̀yin tí ẹ wá láti irú agboolé bẹ́ẹ̀ bi àwọn ìyá àgbà ilé yín léèrè bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ògiri, kòtò wo ni wọ́n ti ń bu amọ̀, àti ta ló máa ń pe ọ̀wẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀.