Làkúrègbé

Ìrora oríkèé ni làkúrègbé: ti orúnkún, ti èjìká, ti ìgbáròkó. Alágbo mọ̀ ọ́n, oníbàárà náà mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ sì parí lọ́jà. Létí dókítà, ó fẹ̀ jù.

Ẹ wo ìgbáròkó. Ẹni tó ń dùn á máa fi òróró pa ìdí, bẹ́ẹ̀ iwájú ni ìrora tó ti inú oríkèé yẹn wá sábà máa ń wà, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ó tilẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìdí nìkan ni, ó lè jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń jà.

X-ray ni wọ́n kọ́kọ́ ń ní ká lọ yà. Eegun hàn níbẹ̀. Ohun rírọ̀ tó bo orí eegun kò hàn ní tirẹ̀, nítorí náà àlàfo tó wà láàárín orí eegun itan àti ihò rẹ̀ ni wọ́n ń wò: bó bá ti ń fún, oríkèé ti ń jẹ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n fọ́tò náà lè tanni. Lára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun itan dáadáa mọ́, kí eegun máa kú díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ kí X-ray má rí nǹkan kan níbẹ̀rẹ̀. MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya fọ́tò inú ara, ló ń tètè rí i. Owó rẹ̀ ga, òótọ́ ni. Ẹni tó bá ní àrùn yìí, tí iwájú itan ń dùn bó bá ń rìn, kó má gba “làkúrègbé ni” lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kó bi dókítà rẹ̀ nípa MRI.