Páànù Tó Ní Ihò

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo bullet journal, ẹ mọ stencil dáadáa: ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ti gé ihò sí lára, ihò ìràwọ̀, ihò ewé, ihò orúkọ ọjọ́. Ẹ ó gbé e lé ojú ìwé, ẹ ó fi bírò tọ etí ihò náà, ètò ọ̀sẹ̀ yín á sì jáde mèremère. Ryder Carroll, ará Amẹ́ríkà tó gbé ọ̀nà ìkọ̀wé yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2013, kò fi ọ̀ṣọ́ kankan sí i. Àmì tóótòòtó àti ìlà ni tiẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e ló sọ ọ́ di ọgbà òdòdó, àwọn náà ló sì ń bá ara wọn jiyàn: ṣé ẹni tó fi stencil ṣe é mọ̀ ọ́n yà, àbí ọ̀lẹ lásán ni?

Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè yẹn lọ sí Abẹ́òkúta.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí aṣọ funfun ìlú òyìnbó ti pọ̀ lọ́jà, àwọn aládìrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀kọ láti fi ṣe iṣẹ́ sára aṣọ. Iyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń sè, wọ́n á fi alum sí i kó lè di aṣọ mú. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ̀ ọ́ tán. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn. (Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó di nǹkan kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ à ń pè é ní àdìrẹ. Orúkọ àdìrẹ oníko ló kàn rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.)

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fi ẹ̀kọ náà sí i. Obìnrin á mú ìyẹ́ adìẹ, á máa fi ọwọ́ yà á díẹ̀díẹ̀. Irú èyí ni Ìbàdàndùn, tó ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó lára, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí wọ́n bá ń yin ẹlẹ́kọ. Ọ̀nà kejì ni ti páànù, Abẹ́òkúta ló sì gbajúmọ̀ sí. Àwọn ọkùnrin ló ń gé e. Wọ́n á wá páànù tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àpótí tíì tó ti òkè òkun wá, wọ́n á gé àwòrán sí i lára. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n á gbé páànù lé e, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ fa ẹ̀kọ gba ojú ihò kọjá. Wọ́n á gbé páànù síwájú, wọ́n á tún fà. Tó bá gbẹ, ó di ọ̀dọ̀ aláró, obìnrin ni ìyẹn, tí á rì í bọ inú aró léraléra kó tó wá ha ẹ̀kọ kúrò.

Ó yá ju ìyẹ́ lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ó rọrùn, kó mú sísọ́ọ̀sì àti páálí, kó gé lẹ́tà O. Àárín rẹ̀ á já bọ́ sílẹ̀, ihò róbótó ló máa kù. Ẹni tó ń gé páànù gbọ́dọ̀ fi afárá tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ tí á so àárín mọ́ etí, kó sì fi ọgbọ́n gbé e síbi tí yóò fi dà bíi pé ara iṣẹ́ ni. Ó ti gbọ́dọ̀ rí gbogbo àwòrán náà lódìkejì kó tó fi irin kàn án. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Ẹ wo Ọlọ́ba. Ní 1935, Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, àwòrán òun àti Ọbabìnrin Mary sì kún ìlú. Àwọn agépáànù mú àwòrán yẹn, wọ́n gé e, ó bọ́ sára ìró. Ọba òyìnbó di èèyàn tí ìyálọ́jà ń ró mọ́ ìdí. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ìyẹ́ ya ojú ọba kan náà sórí aṣọ lẹ́yìn aṣọ, ìgbà wo ni wọn ì bá parí?

Owó náà sì wà níbẹ̀ o. Àwọn oníṣòwò láti Gold Coast àti Senegal ń wá ra àdìrẹ l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí ọjà dojú rú, tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de sódà alágbára àti aró òyìnbó, àwọn aláró kò gbà. Wọ́n ta kò ó títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń jà fún. A rí ìtàn àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kà díẹ̀díẹ̀. Orúkọ àwọn tó gé páànù ni kò wọ́pọ̀ nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà ní mùsíọ́mù káàkiri ayé.

Padà sórí ìwé ètò ọ̀sẹ̀ yín. Stencil tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Mon, Tue, Wed ló wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti Ọjọ́ Àìkú dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí èyí tí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ, wọn kò sì gé Ọ fún wa. Ẹ̀yìn fáìlì oníke àtijọ́ àti abẹ mímú tó láti fi gé e fúnra yín. Fún lẹ́tà Ọ, ẹ fi afárá méjì sílẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àmì abẹ́ rẹ̀ kò nílò afárá rárá, ihò kékeré kan ni.