Bí A Bá Kú Là Á Dère: Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù àti Àwọn Alátìlẹ́yìn Wọn Tó Ti Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Nínú ayé bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, òwe yìí ṣẹ mọ́ agbábọ́ọ̀lù lára, ó sì ṣẹ mọ́ olówó lára. Kò tíì ṣẹ mọ́ alátìlẹ́yìn lára. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kú, wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀. Ẹni tó náwó nára fún ẹgbẹ́ kú, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó wọ ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há, òun ńkọ́? Kí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jẹ alátìlẹ́yìn rẹ̀ tó kú? Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn. Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars na Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní àmì ayò 4 sí 2 nínú àpapọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1992, wọ́n tún gba Ife CAF lẹ́yìn tí wọ́n borí Nakivubo Villa ti orílẹ̀-èdè Uganda. Olóyè Lékan Sàlámì, tó darí ẹgbẹ́ náà tó sì fi tọkàntọkàn ṣe é, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré Adámásingbà. Ọlá náà tọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń lo pápá yẹn, ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lápapọ̀ ni. Ará Komu ní Òkè-Ògùn ní ìpín nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará Ìbàdàn ṣe ní. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún alátìlẹ́yìn ni ẹ̀rù ayọ̀ àti ẹ̀dùn ẹgbẹ́ náà ti wà lórí wọn láti ọdún yìí wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ará ọ̀run. Ibo ni a kọ orúkọ wọn sí?

Ìtàn tó fi ìyàtọ̀ yìí hàn gedegbe jù lọ ní ilẹ̀ wa ṣẹlẹ̀ ní ìlú Èkó. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Nàìjíríà ń bá Angola figagbága ní pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, láti wá àyè sínú ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 1990. Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, ṣubú lórí pápá nígbà tí eré náà ń lọ sí òpin, kò sì dìde mọ́. Gbogbo orílẹ̀-èdè sunkún rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sí iwájú pápá náà, a sì ń rántí rẹ̀ bí ọjọ́ náà bá pé lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló kú lọ́jọ́ náà. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, àwọn òǹwòran kan sì pàdánù ẹ̀mí wọn nínú ìfúnpọ̀ yẹn. Lónìí, àkọsílẹ̀ kan kò bá èkejì mu lórí iye wọn. Bí iye àwọn òkú bá ń di àríyànjiyàn, orúkọ wọn ti sọnù ná. Ìyá àwọn náà bí wọn. Orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n lọ gbárùkù tì, eré kan náà ni wọ́n bá kú.

Bóyá ẹlòmíràn á ní kò sí bí a ṣe lè fi agbábọ́ọ̀lù àti òǹwòran sórí òpó kan náà. Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Glasgow ní Scotland. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1971, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Rangers àti Celtic, àwọn èrò wó lu ara wọn lórí àtẹ̀gùn kan ní pápá Ibrox, ènìyàn 66 sì kú. Ní ọdún 2001, nígbà tó pé 30 ọdún, Rangers ṣí aṣọ lójú ère kan. Ère John Greig ni, balógun ikọ̀ Rangers lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ibi tí ère náà dúró lé ni a gbọ́dọ̀ wò dáadáa: wọ́n kọ orúkọ àwọn òkú náà síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó kú ní pápá kan náà ní ọdún 1902 àti 1961. Agbábọ́ọ̀lù ni ère, alátìlẹ́yìn ni ìpìlẹ̀ tó gbé e dúró. Ẹni tó bá lọ wo balógun kò ní ṣàìka orúkọ àwọn tó tẹ̀ lé e.

Àbí àṣà òyìnbó ni èyí? Rárá o. Komu, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn yòókù láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni wọ́n wà, iṣẹ́ ọdẹ sì ti pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdílé nìkan. Wọn a péjọ láti ṣípà rẹ̀. Wọn a kó nínú ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, wọn a gbé e lọ sínú igbó, wọn a sì fi ìrèmọ̀jé dágbére fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bádé Àjùwọ̀n ṣe àkójọ irú eré yìí sínú ìwé rẹ̀ tó pè ní *Ìrèmọ̀jé: Eré Ìṣípà Ọdẹ*, tó jáde ní ọdún 1981. Ohun tó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé ìrèmọ̀jé kì í sọ pé ọdẹ kan kú. Ó ń pe olóògbé lórúkọ, ó ń ki ìran rẹ̀, ó ń ròyìn ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀ lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe nítorí pé olóògbé ní owó ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni. Àwọn baba wa ti dáhùn ìbéèrè wa tipẹ́: ẹgbẹ́ tí kò bá mọ òkú rẹ̀ lórúkọ kì í ṣe ẹgbẹ́, èrò ọjà ni.

Ṣùgbọ́n pípe orúkọ nìkan kò tó nígbà tí ó bá jẹ́ pé inú pápá ìṣeré gan-an ni ikú ti bá alátìlẹ́yìn. Òkú àgbà tó fi ọwọ́ rọrí nínú ilé rẹ̀, ọ̀wọ̀ ni a jẹ ẹ́. Òkú ẹni tó wá woran tí kò padà sílé, ọ̀wọ̀ àti àlàyé ni a jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, ní Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà, Hearts of Oak ń lu Kotoko ní àmì ayò 2 sí 1. Inú bí àwọn kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn Kotoko, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju àga. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú sí àárín èrò, àwọn ènìyàn sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá a ní títì. Ènìyàn 126 ni ó kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lábẹ́ agbẹjọ́rò Sam Okudzeto. Wọ́n gbé ọlọ́pàá 6 lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀ ní ọdún 2003. Ère kan wà ní pápá náà lónìí, ti alátìlẹ́yìn tó gbé ẹnìkejì rẹ̀ tó ti dákú, ìrántí sì ń wáyé lọ́dọọdún ní ọjọ́ náà. Ère yẹn dára, nítorí pé alátìlẹ́yìn ni wọ́n fi ṣe ère lẹ́ẹ̀kan yìí. Síbẹ̀, ère kò lè dáhùn ìbéèrè ẹni tó ń béèrè ẹni tó ti ilẹ̀kùn.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ Hillsborough ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìfúnpọ̀ èrò pa àwọn alátìlẹ́yìn Liverpool nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń bá Nottingham Forest gbá bọ́ọ̀lù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti di ẹ̀bi ru àwọn òkú: wọ́n ní ọ̀mùtí ni wọ́n, wọ́n ní ìwà ipá ni wọ́n hù. Àwọn ìdílé wọn kò gbà. Ọdún 27 ni wọ́n fi jà, títí di oṣù kẹrin ọdún 2016 tí àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ fi pinnu pé pípa ni wọ́n pa wọ́n lọ́nà tí kò bófin mu, àti pé ọwọ́ àwọn alátìlẹ́yìn mọ́. Ní ọdún 2021, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń gbé pẹ̀lú ìpalára ọjọ́ náà kú, ó sì di ẹni 97. Liverpool kò sọ pé àwọn ti parí ìṣirò; wọ́n sọ 96 tó wà lára jẹ́sì wọn di 97. Nínú ìrírí yìí, a rí i pé ọlá òkú ní ìpele mẹ́ta: kí a pe orúkọ rẹ̀, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ bí ẹnìkan bá bà á jẹ́.

Ọ̀nà jíjìn pàápàá kò pa gbèsè yìí rẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2017, wáyà iná alágbára já lu ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Calabar níbi tí àwọn èrò ti ń wo Manchester United àti Anderlecht. Àwọn ọlọ́pàá kéde pé ènìyàn 7 kú. Manchester United fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ kejì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń ta jẹ́sì dé Calabar mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀nà tí ọjà gbà wọlé, ìbánikẹ́dùn lè gbà á wọlé.

A ti ń gbọ́ àwíjàre àwọn alákòóso: wọ́n á ní alátìlẹ́yìn pọ̀ jù, owó kò sí, ta ni yóò sì mọ alátìlẹ́yìn tòótọ́ yàtọ̀ sí aláwàdà? Àwíjàre náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn ní ẹ̀ka, ẹ̀ka ní alága àti akọ̀wé, akọ̀wé sì mọ ẹni tó kú ní àdúgbò rẹ̀. Ìwé orúkọ kan kò wọ́n ju bọ́ọ̀lù kan lọ. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa fi orúkọ àwọn olóògbé rẹ̀ ránṣẹ́. Kí wọ́n máa ka orúkọ wọ̀nyẹn sókè ní pápá lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Kí ògiri kan wà ní Adámásingbà, lábẹ́ orúkọ Lékan Sàlámì, tí wọn yóò máa kọ wọ́n sí. Bí ikú bá sì wáyé ní pápá tàbí lójú ọ̀nà pápá, kí ẹgbẹ́ dúró ti ìdílé títí wọn yóò fi gbọ́ òtítọ́, kí wọ́n sì rí i dájú pé ẹnu ọ̀nà kankan kò ní wà ní títì nígbà tí èrò bá wà nínú pápá. Ẹ̀yẹ tó ga jù tí a lè ṣe fún òkú pápá ni pé kí ẹlòmíràn má kú irú ikú bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí yóò ti rí bí aṣojú ẹgbẹ́ bá gbéra láti Ìbàdàn, tó gba Ìsẹ́yìn kọjá, tó dé Komu, tó bá àwọn ọmọ olóògbé jókòó, tó sì sọ fún wọn pé, "Ẹgbẹ́ ló rán mi. A mọ bàbá yín." Ọ̀rọ̀ náà kúrú, owó ọkọ̀ ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà yóò mọ̀ pé gbogbo ọdún tí bàbá wọn fi tẹ̀ lé ẹgbẹ́ yẹn, ẹgbẹ́ náà rí i.