Ìbẹ̀rẹ̀ Ìletò Medora ní Ilẹ̀ Pápá Amẹ́ríkà

Medora jẹ́ ìletò kékeré ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ North Dakota, ní etí odò Little Missouri, níbi tí pápá tí ó tẹ́ rẹrẹ ti já lójijì sí àfonífojì àti òkè amọ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi. Pápá ọdẹ àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Mandan, Hidatsa àti Lakota ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹfọ̀n, olórí ńlá onírun kíki, ni ó sì ni koríko rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú irin Northern Pacific gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ọdẹ tí ń ta awọ fẹ́rẹ̀ẹ́ run ẹfọ̀n tán, pápá sì ṣófo de màlúù.

Ní ọdún 1883 ni Marquis de Morès, ọmọ ìjòyè ilẹ̀ Faransé tí kò tí ì pé ẹni ọdún 25, tẹ ìletò náà dó, tí ó sì fi orúkọ aya rẹ̀ sọ ọ́. Dípò kí a máa kó màlúù láàyè lọ sí Chicago, kí wọ́n sì máa rù lójú ọ̀nà, ó ní kí a pa wọ́n ní ẹnu pápá tí wọ́n ti jẹko, kí a fi ọkọ̀ ojú irin tí yìnyín mú tutù kó ẹran náà lọ. Ó kọ́ odò ẹran, ó sì kọ́ ilé oníyàrá 26 sórí òkè. Ọdún yẹn kan náà ni ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Theodore Roosevelt wá ṣọdẹ ẹfọ̀n, tí òun náà sì di ọlọ́sìn màlúù.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Màlúù tí ń jẹ koríko nìkan kì í sanra tó pípa ju oṣù díẹ̀ lọ lọ́dún, ẹran màlúù tí a fi àgbàdo bọ́ ni ó sì wu àwọn oníbàárà. Nítorí náà odò ẹran ti ilẹ̀kùn ní 1886. Ọ̀dá ti gbẹ koríko lọ́dún náà. Nígbà tí òtútù dé, òjò dídì bo ilẹ̀, ó yọ́ díẹ̀, ó tún dì gbagidi bí òkúta, màlúù ń fi imú wá koríko títí imú fi bó, wọ́n sì kú lọ súà ní ẹ̀bá odò.

Marquis padà sí ilẹ̀ Faransé. Roosevelt di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1901, ó sì jẹ́wọ́ pé pápá náà ni ó sọ òun dà bẹ́ẹ̀. Iná jó odò ẹran ní 1907, ọ̀pá èéfín oníbíríkì rẹ̀ nìkan ni ó ṣì dúró, tí koríko yí i ká.