Ta Ló Ni Owó Gbà-má-bínú? Ayálẹ̀dáko àti Ilẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ ní Ọbáfẹ́mi-Owódé

Láti ìgbà tí onímọ̀ P. C. Lloyd ti gbé ìwé rẹ̀, Yoruba Land Law, jáde ní 1962, ojú ìdílé la fi ń wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ló ni ín, olórí ẹbí ló ń bójú tó o, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ sì jẹ́ àlejò. Lloyd kò gbójú fo ìṣákọ́lẹ̀ o. Àwa tó tẹ̀lé e la tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba oko lẹ́bàá títì Èkó sí Ìbàdàn, ní Ìbàfò àti Mówe ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìjà ìjọba àti ọmọ onílẹ̀ nìkan la rí kọ. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù kò sí nínú àkọsílẹ̀ wa.

Ìyàtọ̀ tó yẹ ká dì mú ni ti ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ń dáko sórí rẹ̀, ìyẹn ayálẹ̀dáko tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí Ọbáfẹ́mi-Owódé wà, àlàfo àárín wọn tún fẹ̀: ọ̀pọ̀ abúlé Owódé jẹ́ oko àwọn ìlú tó para pọ̀ di Abẹ́òkúta. Onílẹ̀ lè wà ní Aké tàbí Kémta ní Abẹ́òkúta, kí ẹni tó mú ọkọ́ lọ́wọ́ wà lóko. Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abala 29 ní kí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ilẹ̀ àti ẹni tó ń lò ó gba owó gbà-má-bínú lórí ohun tí wọ́n ti ṣe sórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n abala kan náà gba gómìnà láàyè, bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àwùjọ, láti kó owó fún olóyè wọn, kó lò ó fún wọn bí àṣà bá ti wí. Àṣà wo? Àṣà tó ka ayálẹ̀dáko sí àlejò ni. Nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu ní 1991, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà kò pa àjọṣe onílẹ̀ àti ayálẹ̀dáko rẹ́.

Ohun tí a kò kà sí ni igi. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo tàbí ìrẹsì. Lọ́pọ̀ ibi, wọn kì í jẹ́ kó gbin kòkó, obì tàbí ọ̀pẹ, nítorí ẹ̀rù pé igi lè sọ àlejò di onílẹ̀. Ìrẹsì Ọ̀fàdà kì í lo tó oṣù mẹ́fà lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun ọ̀gbìn tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ ni òfin ń san owó rẹ̀. Bí katakata bá dé lẹ́yìn ìkórè, kí ni akọ̀wé ìjọba fẹ́ kà? Àṣà tó ní kó má gbin igi ti yọ ọ́ nínú owó kí òfin tó dé. Bóyá kò rí báyìí ní gbogbo abúlé, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó ṣèèṣì.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: West Bengal ní Íńdíà. Ní 1978 kan náà ni ìjọba ibẹ̀ dá ètò Operation Barga sílẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn bargadar, àgbẹ̀ tó ń bá onílẹ̀ pín ìkórè, sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n gba nǹkan bí 997 éékà ní Singur ní 2006 fún ilé-iṣẹ́ mọ́tò Tata, bargadar tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ní ìpín ìdá kan nínú mẹ́rin owó ilẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ pòfo. Ìpín náà kéré, ìjà ńlá sì tẹ̀lé e, títí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà fi fagi lé gbígbà ilẹ̀ náà ní 2016. Síbẹ̀, ìwé nìkan ló pààlà sáàárín àgbẹ̀ méjì tí iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀.

Ṣé ìṣọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969 kò ti yanjú ọ̀rọ̀ ayálẹ̀dáko ni? Rárá; owó-orí ló gbé wọn dìde, kì í ṣe owó gbà-má-bínú. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ní 2016 lòdì sí àwọn ajàgbalẹ̀ náà, onílẹ̀ ló dáàbò bò.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ti Ìfọ̀ kọ orúkọ gbogbo ayálẹ̀dáko sílẹ̀, kí gómìnà tó buwọ́ lu gbígba ilẹ̀ kankan. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ láìka ẹni tó ní ohun ọ̀gbìn tàbí iṣẹ́ lórí rẹ̀, ó lòdì sí ohun tí abala 29 ní lọ́kàn. Onímọ̀ tó bá sì ń kọ ìtàn ilẹ̀ náà láìmẹ́nu bà wọ́n, ẹ̀yìn onílẹ̀ ló wà.